Áńbúláǹsì Tó Ń Sá fún Kámẹ́rà

Àwòrán náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì aláwọ̀ yẹ́lò ló wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ hàn ketekete. Wọ́n tẹ aago sí igun rẹ̀ nísàlẹ̀: aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ni eré wà: mọ́kànléláàádọ́rin, lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má sáré kọjá àádọ́ta.

Áńbúláǹsì kankan kò sí nínú àwòrán náà.

"Ó wà lẹ́yìn mi," ni obìnrin tó jókòó níwájú mi wí. "Màámi, mo fi ojú mi méjèèjì rí i."

Dẹ́rẹ́bà ni. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití, ọdún kẹsàn-án rèé. Ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ tú táyà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí fún eré àsápajúdé. Tó bá jẹ̀bi lẹ́ẹ̀kẹta yìí, owó ìtanràn nìkan kọ́ ló máa san, wọ́n máa gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ fún odidi ọdún kan. Ọjọ́ Ajé la wà yìí, ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn àwòrán náà. Ọjọ́bọ̀ ló máa dúró níwájú adájọ́.

"Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀," mo sọ fún un.

"Mo ti já àwọn ọmọ sílẹ̀, mo ń padà lọ sí ọgbà tí a ń gbé ọkọ̀ sí. Orí afárá ni mo wà tí mo fi gbọ́ fèrè áńbúláǹsì. Mo wo dígí, mo rí iná búlúù. Ó ń lé mi bọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gùn mí lẹ́yìn. Ẹ mọ afárá yẹn: irin lọ́tùn-ún, kọnkéré lósì, kò síbi tí èèyàn máa yà sí. Tí mo bá dúró, mo dí i lọ́nà nìyẹn. Mo bá tẹná, kí n lè tètè dé ibi tí ọ̀nà ti fẹ̀ nísàlẹ̀. Inú dígí lojú mi wà. Mi ò rántí wo aago eré. Bí mo ṣe ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kámẹ́rà ṣẹ́jú."

"Áńbúláǹsì náà ńkọ́?"

"Mo dúró kó kọjá." Ó wo ilẹ̀. "Kò kọjá."

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ ló sọ mí ní Àwárí, nítorí wọ́n ní àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wá ọ̀daràn. Ohun tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ náà ni pé irọ́ máa ń gún régé ju òótọ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ áńbúláǹsì, á ní ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun fẹ́ẹ́, ó sì lọ. Kò ní sọ pé kò kọjá. Irọ́ tó ń ṣe ẹni tó pa á ní ìjàǹbá, mi ò tíì rí irú rẹ̀.

"Ta lẹ jọ wà nínú ọkọ̀?"

"Èmi nìkan ni."

Mi ò tíì pa ẹnu dé tó fi dáhùn. Mo na awò tí mo fi ń wo nǹkan kéékèèké sí i. "Wo fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kejì, lápá tí kì í ṣe tìrẹ. Kí ló yọ síta yẹn?"

Ó wò ó pẹ́. "Ìgúnpá ni."

"Ìgúnpá ta ni?"

Ó gbé awò náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin.

"Máa lọ sílé," mo sọ fún un. "Nígbà tí o bá rántí ẹni tó ni ìgúnpá, padà wá. Ẹni tó bá parọ́ kan fún mi, mo máa ń wá ìkejì rẹ̀ kiri."

Ó dìde, ó kí mi, ó jáde. Ká má purọ́, mo fura sí i nígbà yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ.

*

Sájẹ́ǹtì ni ọlọ́pàá tó ń mójú tó àwòrán kámẹ́rà. Ọmọ iṣẹ́ mi ni nígbà kan rí. Ó ti sanra, àga rẹ̀ ń ké bó bá ti mira.

"Màámi, gbogbo ẹni tí kámẹ́rà bá mú ló ń rí áńbúláǹsì. Èyí tí kò bá rí áńbúláǹsì á ní oyin wọ inú ọkọ̀ òun."

"O ti bi wọ́n léèrè ní ibùdó áńbúláǹsì?"

"Nítorí ìwé ìtanràn kan ṣoṣo? Rárá o. A ò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni." Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. "Ẹ wò ó. Lẹ́yìn bọ́ọ̀sì yìí, kámẹ́rà ò mú ọkọ̀ kankan fún ìṣẹ́jú méjìlélógún. Áńbúláǹsì tó ń lé bọ́ọ̀sì tó ń sá eré mọ́kànléláàádọ́rin, ṣebí kámẹ́rà gbọ́dọ̀ mú òun náà? Àbí ó fò ni?"

"Tí kámẹ́rà bá mú áńbúláǹsì, kí lẹ máa ń ṣe?"

"A máa ń fagi lé e ni. Ẹnu iṣẹ́ ló wà."

"Áńbúláǹsì kò ní ìdí láti bẹ̀rù kámẹ́rà nígbà náà?"

"Kí ló máa bẹ̀rù?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò ṣe lọ wo ilé ìsìnkú tó wà lẹ́yìn ọjà. Ọkọ̀ tiwọn náà ní fèrè."

Mo lọ síbẹ̀. Ẹni tó ni ilé ìsìnkú náà jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ẹnì kan ń sùn ní yàrá kejì.

"Lóòótọ́, ọkọ̀ wa ní fèrè," ó ní, "àmọ́ a kì í sábà fọn ọ́n. Àwọn oníbàárà wa kì í kánjú."

Ó ṣí ìwé rẹ̀ hàn mí. Láti aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni ọkọ̀ rẹ̀ ti wà níbi ìsìnkú kan nílùú mìíràn, àwọn ọmọ olóògbé sì fọwọ́ sí i. Ó mú mi lọ wo ọkọ̀ náà. Iná pupa ló wà lórí rẹ̀. Mo dúpẹ́, ó ní òun ń retí mi nígbàkígbà. Mo sọ fún un pé kó má retí mi.

*

Mo fẹsẹ̀ rin ìsàlẹ̀ afárá náà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Láti ibi tí irin afárá ti parí títí dé ìdí òpó kámẹ́rà, ìṣísẹ̀ ọgọ́ta ni. Láàárín wọn, ọ̀nà tóóró kan yà wọ inú àdúgbò. Bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ ò lè gba ibẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ tó kéré jù ú lọ lè gba ibẹ̀ dáadáa.

Bàbá ṣúméékà kan ní ìsọ̀ sí ẹnu ọ̀nà náà. Mo bọ́ bàtà mi, mo ní kó bá mi kan gìgísẹ̀ rẹ̀, mo sì jókòó sórí àpótí.

"Bàbá, ẹ máa ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ níbí o."

"Etí mi ti kú sí i."

"Fèrè áńbúláǹsì ńkọ́? Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, láàárọ̀."

Òòlù rẹ̀ dúró díẹ̀ kó tó tún sọ̀ kalẹ̀. "Mo gbọ́ ọ. Ó ń bọ̀ látorí afárá. Ó wá dákẹ́ lójijì, bí ìgbà tí wọ́n fọwọ́ bo ẹnu ọmọdé."

"Ó kọjá síwájú?"

"Ìdí iṣẹ́ mi ni mo wà. Mi ò gbójú sókè."

Mo wo ìsọ̀ rẹ̀. Gbogbo pákó rẹ̀ ló ti dúdú fún ọjọ́ ogbó, àfi ọ̀kan ní igun, tó ṣì funfun, tó ṣì ń rùn bí igi tútù.

"Pákó yìí tuntun ni."

"Ọkọ̀ kan ló fi ẹ̀gbẹ́ gbá ti tẹ́lẹ̀ nígbà tó ń yà wọlé."

"Ọkọ̀ aláwọ̀ wo?"

Ó na bàtà mi sí mi. "Funfun ni. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, èmi àti àwọn tó ń gbé inú ọ̀nà yìí la jọ ń ríra lójoojúmọ́."

Mi ò bi í mọ́. Ohun tí kò sọ ti tó mi. Ọkọ̀ tó ń fọn fèrè pa ẹnu mọ́, ó sì yà ní ìṣísẹ̀ mélòó kan sí kámẹ́rà. Kò sì sí áńbúláǹsì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tó máa sá fún kámẹ́rà. Ọkọ̀ tí ẹni tó ń wà á kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó jáde nìyẹn.

*

Ọ́fíìsì ọ̀gá ibùdó áńbúláǹsì mọ́ tónítóní. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló so rọ̀ lára ògiri. Ìṣó kẹrin ṣófo. Ọ̀gá náà fún mi lómi tútù, ó ní kí n jókòó.

"Ẹ jọ̀wọ́," mo ní, "mo kàn fẹ́ béèrè nípa bí ọkọ̀ yín ṣe ń jáde ni. Oníbàárà mi kan ní òun rí ọ̀kan."

Ó mi orí pẹ̀lú sùúrù. "Ìyá wa, ó ti ṣi ọkọ̀ mọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mẹ́ta nínú ọkọ̀ wa lọ sí apá ibòmíràn, ìkẹrin sì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kò sí èyí tó gba orí afárá."

Mo mu omi náà tán. Mo kí i pé ó ṣeun, mo dìde.

Mi ò dárúkọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún un. Mi ò dárúkọ afárá. Sájẹ́ǹtì sì ti sọ fún mi pé àwọn ò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni.

*

Nígbà tí mo délé, dẹ́rẹ́bà náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi, òun àti ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ bùbá aláwọ̀ ewé.

"Ìyàwó àbúrò mi rèé, Màámi," ó ní. "Òun ló ni ìgúnpá. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ aṣọ rírán nílé-ẹ̀kọ́ wa. Òfin ni pé n kò gbọ́dọ̀ gbé àgbàlagbà kankan tí kò bá sí ọmọ nínú ọkọ̀. Ara rẹ̀ ò yá lọ́jọ́ náà ni mo fi ní kí n gbé e sọ̀ sílé. Mo tún rò ó pé..." Ó dánu dúró. "Adití ni. Ta ló máa gba ẹ̀rí adití lórí ọ̀rọ̀ fèrè?"

"Èmi," mo ní. "Àmọ́ ìwọ, dúró síta."

Ojú rẹ̀ yí padà, àmọ́ ó dúró síta. Mi ò fẹ́ kó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí tirẹ̀ fún mi. Mo fún olùkọ́ náà ní bébà àti bíróò, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé: *Kí lo rí lẹ́yìn yín?*

Kò kọ̀wé púpọ̀. Ó yàwòrán. Ó kọ ìlà kan péré, pé òun yíjú padà wo ẹ̀yìn nígbà tí òun rí i pé ẹ̀gbọ́n ọkọ òun kò gbójú kúrò nínú dígí. Ó ya iwájú áńbúláǹsì, ó ya iná méjì sórí rẹ̀. Ó fa ìtànṣán yí èyí tó wà lápá ibi ìdarí ọkọ̀ ká, pé ó ń tàn, ó fi ìlà gé èkejì: òkú iná. Lẹ́yìn náà ó ya èèyàn méjì sẹ́yìn dígí iwájú, ó sì fa ẹnu wọn gbòòrò.

Mo kọ ọ́ pé: *Ṣé wọ́n ń pariwo ni?*

Ó mi orí pé rárá, ó gba bíróò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ rekete: *Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.*

*

Àwòrán yẹn ló gbé Sájẹ́ǹtì kúrò lórí àga rẹ̀. Lọ́jọ́rú, àwa méjèèjì wọ ọ̀nà tóóró náà. Ilé kẹrin níbẹ̀ ni ilé mẹkáníìkì.

Áńbúláǹsì kan wà ní ìpẹ̀kun àgbàlá, wọ́n da tapólì bò ó. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n gbé e lé. Wọ́n ti tú táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹkáníìkì náà ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

"Ìgbà wo ni ọkọ̀ yìí ti wà níbí?" mo bi í.

"Ó lé lóṣù kan, Màámi."

"Kò jáde rí?"

"Báwo ló ṣe máa jáde? Ẹ wò ó, kò lẹ́sẹ̀."

Sájẹ́ǹtì ṣí tapólì. Káàdì kan rọ̀ nínú dígí iwájú, èyí tí dẹ́rẹ́bà ibùdó kọ lọ́jọ́ tó gbé ọkọ̀ náà wá. Mo kà á sókè. Ọjọ́ tó gbé e wá wà níbẹ̀, òótọ́ ni pé ó lé lóṣù kan. Ohun tó ń ṣe é: iná orí kan kò tàn. Kìlómítà: 84,112.

"Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀," mo sọ fún mẹkáníìkì.

"Bátìrì rẹ̀ ti kú."

Sájẹ́ǹtì nawọ́ wọnú ọkọ̀, ó yí i. Gbogbo iná iwájú ìdarí tàn. Ó tẹ̀ síwájú, ó ka nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ ọ́ jáde: "84,961."

"Ọkọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀," mo ní, "ó mà rìn o. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta lé lẹ́gbẹ̀rin kìlómítà."

"Mo... mo ń dán an wò ni. Kí n tó tú táyà rẹ̀."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kò jáde rí ni."

Ó wo Sájẹ́ǹtì, ó wo gééètì. Sájẹ́ǹtì ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Ó fi ìka méjì mú bébà gígùn kan jáde, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ báàgì ní pápákọ̀ òfurufú. Déètì ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an ló wà lára rẹ̀.

"Aláìsàn wo," mo bi mẹkáníìkì, "ló ń ti inú bàálù bọ̀ pẹ̀lú ẹrù?"

Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn táyà tó tú.

"Ọ̀gá ibùdó ló ń pè wọ́n," ó ní. "Àwọn ọlọ́lá tí kò fẹ́ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Èmi kàn ń gbé wọn láti pápákọ̀ dé ibí ni. Mọ́tò wọn á ti dúró dè wọ́n níta."

"Kámẹ́rà ńkọ́?"

"Ọ̀gá ní kámẹ́rà ò gbọ́dọ̀ rí ọkọ̀ náà láéláé. Mo sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé bọ́ọ̀sì kan sá eré níwájú mi, kámẹ́rà sì mú un. Ó ní kí n tú táyà."

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà?"

Kò ye e bí mo ṣe mọ̀. Ó dorí kodò. "Oníbàárà náà ni. Bọ́ọ̀sì yẹn ń pa á lẹ́rìn-ín, bó ṣe ń sá lọ bí adìẹ."

*

Lọ́jọ́bọ̀, agbẹjọ́rò ìjọba dìde sí olùkọ́ iṣẹ́ aṣọ náà. Ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ ló ń túmọ̀ èdè ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé o lè sọ fún ilé ẹjọ́ bí adití ṣe mọ̀ pé fèrè ń dún?"

Ó gbé ọwọ́ sókè, kò yára, kò lọ́ra. Ògbufọ̀ ní: "Mi ò sọ pé mo gbọ́ fèrè. Mo rí iná, ọ̀kan ń tàn, ọ̀kan ti kú. Mo sì rí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí ẹ̀rù ń bà."

Agbẹjọ́rò náà jókòó.

Sájẹ́ǹtì gbé káàdì áńbúláǹsì àti bébà báàgì kalẹ̀, ó sì sọ ohun tí mẹkáníìkì jẹ́wọ́. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní òfin kò sọ pé kí awakọ̀ sáré nítorí áńbúláǹsì, òfin ní kó yà fún un ni. Awakọ̀ tí kò wo aago eré rẹ̀ sì ti ṣàṣìṣe. Àmọ́ orí afárá kò síbi tó lè yà sí, ẹni tó sì lé e débẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fọn fèrè rárá. Ó fagi lé ìtanràn, ó kìlọ̀ fún un, ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí ọlọ́pàá lọ kó gbogbo ìwé ibùdó áńbúláǹsì, kí wọ́n sì mú ọ̀gá wọn wá.

Dẹ́rẹ́bà náà dì mọ́ ìyàwó àbúrò rẹ̀ níta. Ilé-ẹ̀kọ́ máa fún un ní ìwé ìkìlọ̀ nítorí òfin tó rú, ó mọ̀. Ó ní òun á gbé e kọ́ sára ògiri.

Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, Sájẹ́ǹtì wá sílé mi, ó gbé ìwé ńlá kan lọ́wọ́. Kò jókòó.

"Ìwé tí wọ́n fi ń kọ ìpè àwọn aráàlú sílẹ̀ nìyí, Màámi. Ẹ wo ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Mo fi ìka tẹ̀ lé àwọn ìlà náà. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nọ́ńbà ilé àti orúkọ àdúgbò. *Ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, àyà ń dùn ún.* Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀gá ibùdó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: *Kò sí ọkọ̀.*

Iná orí kan ṣoṣo ni kò tàn lára ọkọ̀ yẹn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dára. Àádọ́ta lé lẹ́gbẹ̀rin kìlómítà ló rìn.

Sájẹ́ǹtì ní òun lè rán ẹlòmíràn lọ. Mo ní rárá.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré ni, àjà kejì. Mo kan ilẹ̀kùn. Obìnrin kan tó wọ dúdú láti òkè délẹ̀ ṣí i díẹ̀. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sì bi í léèrè ọkùnrin tí wọ́n pe áńbúláǹsì fún.

"Bàbá mi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé," ó ní. "A pe áńbúláǹsì, wọ́n ní kò sí ọkọ̀. Mọ́tò aládùúgbò la fi gbé e. Nígbà tí a máa fi dé ọsibítù, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù." Ó wò mí. "Ṣé ẹ wá bá wa kẹ́dùn ni?"

"Mo bá yín kẹ́dùn," mo ní. "Àmọ́ ohun tí mo torí ẹ̀ wá kọ́ nìyẹn. Mo wá sọ fún yín pé ọkọ̀ wà."

Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó kọjú sí inú ilé, ó sì pe ìyá rẹ̀ pé kó jáde wá gbọ́.